Bẹ́ẹ̀dì Tí Yàrá Ò Gbà

Ìbínú ni Ẹ̀bùnlọlá fi pàdé Bọ́lárìnwá, kò sì lè sọ pé òun ò rí àmì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì nítòsí Apple Junction ni. Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn mú, èèyàn sì tò lórí ìlà títí dé ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ọkùnrin gíga kan, tí gbogbo ìṣe ẹ̀ rọ̀, ló wà níwájú ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó kan ọkùnrin yìí ni bàbá kan bọ́ sílẹ̀ nínú jíìpù, tó gbé sílíńdà tiẹ̀ ka iwájú gbogbo wọn. Ọkùnrin gíga yẹn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Kò burú, sà. Ẹ máa ṣe tiyín."

Ẹ̀bùnlọlá ti wà lórí ìdúró láti aago mẹ́jọ. Kò lè gbé èyí mì.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "tó bá wù yín kẹ́ ẹ fi ààyè yín ta èèyàn lọ́rẹ, ẹ kúrò lórí ìlà kẹ́ ẹ lọ sẹ́yìn. Ààyè tẹ́ ẹ gbé fún wọn yẹn, tèmi wà nínú ẹ̀."

Ọkùnrin náà kò bá a fà á. Ó gbé sílíńdà ẹ̀, ó sì lọ dúró sí ìdí ìlà lóòótọ́. Nígbà tí Ẹ̀bùnlọlá fi máa ra gáàsì tiẹ̀ tán, èèyàn mẹ́rìnlá ló ṣì wà níwájú ọkùnrin yìí, ó ń làágùn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pa Ẹ̀bùnlọlá. Ó lọ bá a níbẹ̀, ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi ààyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì dúró tì í títí ó fi kàn án. Bọ́lárìnwá bá a gbé sílíńdà dé ibi tó ti máa wọ kẹ̀kẹ́, ó sì gba nọ́ńbà ẹ̀.

Ilé ariwo ni Ẹ̀bùnlọlá ti wá. Òun nìkan lobìnrin láàárín ọmọkùnrin mẹ́rin, ní Ijegun-Egba, nínú ilé tó jẹ́ pé bí o ò bá pariwo, ẹran ò ní kàn ẹ́. Bọ́lárìnwá ní tiẹ̀, tíṣà ìṣirò ni, kì í gbóhùn sókè sí ọmọ iléèwé. Tó bá ti pè é ní "Ẹ̀bùn mi", ọkàn ẹ̀ á balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó rò pé ìsinmi lòun rí. Kò tíì yé e pé ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà lè ṣàìjà fún ìwọ náà.

Nígbà tí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó, Bọ́lárìnwá ní kí àwọn kọ́kọ́ máa gbé lọ́dọ̀ bàbá òun ní Festac fún ọdún méjì. Yàtọ̀ sí òun, bàbá ò ní ẹnì kankan nílé mọ́ láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú.

"Ilé ọkọ lò ń lọ ni, àbí ilé bàbá ọkọ?" ni màmá Ẹ̀bùnlọlá bi í. "Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ta lo máa bá jà nínú àwọn méjèèjì?"

"Mọ́mì, bàbá yẹn ò le rárá."

"Mi ò sọ pé wọ́n le. Ohun tí mo sọ ni kó o rántí."

Bàbá Adébánjí kò le lóòótọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ya pláànù ilé fún ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n pín ilé Festac fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà pláànù ilé náà. Pláànù yẹn ló ń tọ́jú ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ká a sínú páìpù rọ́bà kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, ohunkóhun tó bá sì yí padà nínú ilé, á fi pẹ́ńsù yà á sí i, á kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: irin ojú fèrèsé, táǹkì omi, títí kan ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ ni pé, "Ohun tí ò bá sí lórí ìwé, kò ṣẹlẹ̀."

Yàrá ńlá tí òun àti ìyàwó ẹ̀ ń sùn sí tẹ́lẹ̀ ló kó kúrò níbẹ̀ fún wọn. Ó tún ní òun lòun máa ra bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó wọn, kí ẹnikẹ́ni má bá òun du ìyẹn. Inú Ẹ̀bùnlọlá dùn títí ó fi wọ yàrá náà. Wọ́n ti mọ ògiri gé igun kan kúrò lára ẹ̀, ó wá tẹ̀ bí ìgúnpá. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára ògiri ọ̀hún, wọ́n tì í pa.

"Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Sítọ́ọ̀ ni," Bọ́lárìnwá ní. Ojú fèrèsé ló ń wò.

Ẹ̀bùnlọlá mú téèpù, ó wọn yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì. Ibi kan ṣoṣo ni bẹ́ẹ̀dì lè dúró sí tí ilẹ̀kùn á ṣì ṣí, fífẹ̀ ibẹ̀ ò sì ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀ lọ. Ó jókòó sílẹ̀, ó yan bẹ́ẹ̀dì tó bá ibẹ̀ mu. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ ni fífẹ̀ ẹ̀. Kò ní ní pákó gàgàrà níbi orí, torí fèrèsé. Dúrọ́ọ̀ á wà nísàlẹ̀ ẹ̀ fún aṣọ, nítorí kò sí àyè fún wọ́dírọ́ọ̀bù. Igun ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á rí róbótó, kí ẹni tó ń kọjá má baà fi ojúgun gbá a. Ó yà á sórí ìwé pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ẹ̀, ó sì fà á lé Bọ́lárìnwá lọ́wọ́.

"Fún Dádì, kí wọ́n fún káfíńtà."

"Mo gbọ́, Ẹ̀bùn mi."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló fi ń bi í bóyá ó ti fún wọn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni ọkùnrin yìí fi ń dá a lóhùn pé, "Kò séwu."

Ó ku Sátidé mẹ́ta kí wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí Bọ̀dá Ṣínà káfíńtà gbé bẹ́ẹ̀dì dé láti ẹ̀gbẹ́ Mile 2. Igi ọ̀gànwó ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́fà. Pákó ibi orí ẹ̀ ga dé èjìká èèyàn, wọ́n gbẹ́ òdòdó sí i lára, igun ẹ̀ mú ṣonṣo. Ẹ̀bùnlọlá rí i lórí ọkọ̀, ó sì rò pé ilé ẹlòmíì ni wọ́n ń gbé e lọ.

Wọ́n kó o wọlé ní ẹyọ-ẹyọ, Bọ̀dá Ṣínà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Ibi àkọ́kọ́ ò gbà á, ògiri dá a dúró. Wọ́n yí i sí ìhà kejì, ó wọ̀ níbẹ̀, àfi ìgbà tí káfíńtà fẹ́ jáde ló rí i pé bẹ́ẹ̀dì ti gbá ilẹ̀kùn mọ́ òun.

"Dádì, ẹ má bínú," Bọ̀dá Ṣínà ní láti inú yàrá, "mi ò lè jáde o."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Bàbá Adébánjí dúró sí, ó ti tẹ́ pláànù sílẹ̀ lórí àpótí, ìka ẹ̀ sì wà lórí ìlà kan. "Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá ló wà láti fèrèsé dé ẹ̀yìn," ó ní. "Tú u, kó o gbé e padà sí ibi àkọ́kọ́. Ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n gbé."

Bọ̀dá Ṣínà tú u díẹ̀, ó yọrí síta, òógùn bò ó. "Dádì, ògiri ló wà níbẹ̀."

"Kò sí ògiri kankan níbẹ̀."

Gbogbo wọn dúró wo ògiri. Ẹ̀bùnlọlá wo ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọkọ, ọkùnrin náà sì ń wo ilẹ̀.

"Bọ́lá, ìwé tí mo fún ẹ dà?"

Nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ pọ́ọ̀sì ẹ̀, ó sì fa ìwé ọ̀hún jáde nínú ẹ̀. Ibi tó ti ṣẹ́ ẹ po ti fẹ́ ya. Ó ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ náà wá.

Ooru kan gun Ẹ̀bùnlọlá láti àyà dé orí. "O mọ̀," ó ní. "O mọ̀ pé wọ́n ń kan bẹ́ẹ̀dì tí ò lè wọlé. O máa ń wá síbi iṣẹ́ mi, o máa ń jẹ oúnjẹ mi, màá bi ẹ́, wàá ní kò séwu. Ìwọ, tíṣà ìṣirò, o ò lè ka márùn-ún àbọ̀ fún bàbá ẹ?"

"Ẹ̀bùn mi, rọra. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ."

"Èwo lojú rí? Sọ ọ́." Ó yíjú sí bàbá, ó kúnlẹ̀ orúnkún kan, torí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ò kúnlẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí?"

Bàbá Adébánjí ká pláànù ẹ̀. Ó tì í bọ inú páìpù díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ sí pálọ̀.

"Fi wọ́n sílẹ̀, jọ̀ọ́," Bọ́lárìnwá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Èmi ńkọ́? Ta lo fi mí sílẹ̀ fún?"

Ó bọ́ òrùka ọwọ́ ẹ̀, ó gbé e lé orí pákó ọ̀gànwó yẹn, ó sì jáde. Bọ̀dá Ṣínà bojú wo ibòmíì, bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n ń jà níṣojú ẹ̀.

Ní Ijegun-Egba, ó retí kí màmá ẹ̀ sọ pé, "Ṣé mo sọ ọ́?" Ìyẹn ì bá sàn. Ohun tí màmá sọ ni pé, "Wọ́n ti kéde yín ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Káàdì ti dọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ṣé tìtorí bẹ́ẹ̀dì lo fẹ́ kí n máa fi gèlè bojú kiri?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin kọ́ lẹ ò fẹ́ ilé yẹn tẹ́lẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ ilé yẹn. Mo fẹ́ ọmọ yẹn. Lọ pè é, kẹ́ ẹ parí ẹ̀."

Inú bí Ẹ̀bùnlọlá sí màmá ẹ̀ náà. Ó wọ yàrá, ó sùn láìjẹun, ebi pa á, inú sì tún bí i sí ebi.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Bọ́lárìnwá dé. Màmá fi wọ́n sílẹ̀ sí ìta lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.

"Balùwẹ̀ ni," Bọ́lárìnwá ní. "Kì í ṣe sítọ́ọ̀. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu Mọ́mì, wọn ò lè rìn dé balùwẹ̀ tó wà níta mọ́. Ojú ń tì wọ́n pé kí n máa gbé wọn kọjá lójú àlejò. Dádì gé yàrá, wọ́n kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Mọ́mì fi wẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí a sin wọ́n tán ni Dádì tì í pa. Ọdún kẹrin rèé. Ibẹ̀ nìkan ni wọn ò yà sí pláànù. Nígbà tí wọ́n gbé pláànù yẹn fún káfíńtà, tí mo ní kí n sọ ọ́... ẹnu mi ò gbà á."

Omi lé sí Ẹ̀bùnlọlá lójú, ó sì tún bí i nínú pé omi lé sí òun lójú.

"Mo bá yín kẹ́dùn Mọ́mì," ó ní. "Àmọ́ inú ṣì ń bí mi, má rò pé ọ̀kan pa èkejì. Kí ló dé tí mi ò mọ̀? Mo fẹ́ lọ sùn nínú yàrá yẹn. O fẹ́ kí n máa jí lójoojúmọ́ kí n máa wo ilẹ̀kùn, kí n máa pè é ní sítọ́ọ̀?"

"Mi ò fẹ́ kó dun ẹnikẹ́ni ni."

"Ó wá dun ta ni báyìí? O rántí ibi gáàsì? O bọ̀wọ̀ fún bàbá onímọ́tò, èmi ni oòrùn pa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tìẹ ni kó o máa bá dákẹ́, Bọ́lá, má fi tèmi kún un." Ó nu ojú ẹ̀. "Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Lọ́la, mò ń bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé èmi lo tún fẹ́ kó bá ẹ sọ ọ́, sọ fún mi báyìí, kí n fi owó ọkọ̀ mi ra àkàrà."

Nígbà tó dé Festac lọ́jọ́ kejì, àwọn pákó bẹ́ẹ̀dì ṣì fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Adébánjí jókòó sí pálọ̀, ó dá a lóhùn ìkíni, ó sì tún dojú kọ tẹlifíṣọ̀n. Bọ́lárìnwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Dádì, bẹ́ẹ̀dì yẹn ò ní wọlé. Ògiri wà níbẹ̀."

"Mo ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn."

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ́n. Torí Mọ́mì lẹ ṣe mọ ọ́n."

Bàbá dìde. Ẹ̀bùnlọlá ò rí ojú ẹ̀ báyìí rí. "Ta ló ní kó o dárúkọ ìyá ẹ fún mi? Ẹ fẹ́ wó o, àbí? Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ lẹ́yìn mi nìyẹn. Yàrá tí mo fi sílẹ̀ fún yín ò tó, ó tún ku ibi tí Ìkẹ́ ìyàwó mi ti wẹ̀ gbẹ̀yìn."

Ẹ̀bùnlọlá la ẹnu, ó sì pa á dé. Tiẹ̀ kọ́ nìjà yìí. Ó wo Bọ́lárìnwá, ó sì rí ẹ̀rín yẹn tó ń yọ́ bọ̀ ní ẹnu ẹ̀, ẹ̀rín ibi gáàsì, ẹ̀rín kò burú, sà. Ó di báàgì ẹ̀ mú, ó yí ẹsẹ̀ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn.

"Ó burú, sà," Bọ́lárìnwá ní.

Ohùn ẹ̀ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó le. "A ò wó nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀dì la máa gé. Àmọ́ inú ń bí mi, Dádì. Ọdún mẹ́rin ni inú ti ń bí mi. Ẹ ní ohun tí ò bá sí lórí ìwé, kò ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mò ń gbé Mọ́mì wọlé síbẹ̀, apá mi yìí ni mo fi ń gbé wọn, ẹ sì ń bá mi gbé bí ẹni pé mi ò gbé ẹnikẹ́ni. Mo parọ́ fún obìnrin tí mo fẹ́ràn kí n má baà dárúkọ ìyá mi nínú ilé ìyá mi. Ẹ yà á sínú pláànù, sà, tàbí kẹ́ ẹ gba yàrá yín, kí èmi àti Ẹ̀bùn wá ibòmíì lọ."

Ariwo ẹ̀ ti dé ojúde. Ní ilé kejì, ẹnì kan dín rédíò kù láti gbọ́ dáadáa. Bàbá Adébánjí jókòó padà. Ó wo apá ọmọ ẹ̀, kì í ṣe ojú ẹ̀.

"Gbé páìpù yẹn wá," ó ní.

Ó tẹ́ pláànù sórí tábìlì, ó mú bíléèdì, ó gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù ẹ̀. "Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Kẹ́ ẹ pè é fún mi láti ibẹ̀."

Wọ́n wọ yàrá. Bọ́lárìnwá na téèpù, Ẹ̀bùnlọlá di orí ẹ̀ kejì mú mọ́ ara ògiri. Wọn ò wo ara wọn.

"Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀, sà."

"Mo fi í sí mẹ́fà," bàbá dáhùn láti pálọ̀.

Ọwọ́ Ẹ̀bùnlọlá ò kúrò lórí téèpù.

"Rárá, sà," Bọ́lárìnwá ní. "Márùn-ún àbọ̀ ni."

Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti ìró kọ́kọ́rọ́. Ó kọjá lára wọn, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré yẹn. Eruku ló wà níbẹ̀, àti àga rọ́bà funfun kan lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, àti irin tí èèyàn ń dì mú. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ìyàwó," ó pe Ẹ̀bùnlọlá, "bá mi wọn ibí náà. Ojú mi ò ríran dáadáa."

Ojú ẹ̀ ríran. Ẹ̀bùnlọlá wọlé, ó wọ̀n ọ́n, ó pè é fún un jẹ́ẹ́jẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé ìdí tábìlì, ó ti ya ògiri náà tán. Ó kọ "Balùwẹ̀ Ìkẹ́" sí i. Déètì tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ náà, ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni.

"Kẹ́ ẹ máa lò ó," ó ní. "Balùwẹ̀ tí a ò bá lò, páìpù ẹ̀ á bàjẹ́."

Bọ́lárìnwá yọ òrùka nínú àpò. Ẹ̀bùnlọlá wò ó, kò tíì na ọwọ́.

"Inú ṣì ń bí mi o," ó sọ fún un.

"Mo mọ̀, Ẹ̀bùn mi. Èmi náà, inú ń bí mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Bàbá Adébánjí ò gbé orí sókè. Ìwé kékeré tó fẹ́ ya yẹn, tí Bọ́lárìnwá ti gbé kalẹ̀ fún un, wà níwájú ẹ̀ lórí tábìlì, ó ti fi rúlà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè nà. Ó ń wò ó, ó ń yà. Ní ibi tí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀ wà, ó ya bẹ́ẹ̀dì kékeré kan sí i, igun ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí róbótó. Ó wá yí pláànù náà sí ọ̀dọ̀ Ẹ̀bùnlọlá, ó sì na pẹ́ńsù sí i.

"Tiyín rèé," ó ní. "Déètì ló kù. Èmi ò lè bá yín kọ ìyẹn."

Ẹ̀bùnlọlá gba pẹ́ńsù. Ó rò ó díẹ̀, kí ó lè dun Bọ́lárìnwá díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ ba tábìlì, ó sì kọ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa ṣègbéyàwó sí i.